Létí Òkun: Ará Jàpáànù ló ṣe orin “Rògbòdìyàn l'Ékòó”

 

Mi ò fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ olóṣèlú lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á ṣì wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mí ládùúgbò, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ̀rín dáhùn ẹ̀, mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí ni ọmọ Àgbádárìgì, tí wọ́n bí sétí ọ̀sà, tó ń jẹ ẹja àti àgbọn, ń fi orin àwọn ará Jàpáànù ṣe? Wọ́n ní orin tí kò lẹ́nu, tí kò sọ nǹkan kan, tó kàn ń ṣe gbì-gbì-gbì bíi ẹ̀rọ ìlọta, òun ni mo ń fowó gidi rà. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì nítòsí wa tiẹ̀ pe ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó máa fojú sí mi lára o, pé bí ọkọ òun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kó tó di pé ó ń kó owó ilé lọ síbi tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi.

Orin kan wà tó kó mi sínú ọ̀ràn yìí. “Riot in Lagos” lorúkọ ẹ̀. Tá a bá fi Yorùbá pè é, Rògbòdìyàn l'Ékòó nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á ní Fela ni, àbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀. Irọ́ ni o. Ryuichi Sakamoto ló ṣe é, ọmọ Jàpáànù pọ́ńbélé, ó sì wà nínú àwo ẹ̀ tó ń jẹ́ B-2 Unit, tó jáde lọ́dún 1980. Lọ́dún yẹn, wọn ò tíì bí mi. Àwọn tó bí mi gan-an ò tíì mọ ara wọn.

Pólì ni mo wà, ní nǹkan bí ọdún 2013, nígbà tí ọmọ kíláàsì mi kan ki íápíìsì bọ̀ mí létí, tó ní kí n gbọ́ ohun tí wọ́n forúkọ ìlú wa ṣe. Mo dúró de ẹni tó máa kọrin, mi ò gbọ́ ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó bú ìjọba, kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀, látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ẹ́ yọ ọ́ létí ni nǹkan kan bá dá mi dúró. Ẹ̀rọ kan ń sọ gbólóhùn kékeré kan, kò kúrò lórí ẹ̀. Òmíràn ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta ń já wọlé níbi téèyàn ò fọkàn sí. Mo ní háà, mo mọ èyí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró rí níbi tí àwọn Ègùn ti ń lu sátò, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìlù ńlá tó ga tó èèyàn nìyẹn, ìdúró ni wọ́n ń lù ú, àwọn kéékèèké á sì yí i ká. Kò sí ìlù kan tó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Kálukú á di nǹkan kékeré tiẹ̀ mú, á má sì fi sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá so ó pọ̀ ni ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra fúnra ẹ̀. Bí Fela náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ fetí sí gìtá inú orin ẹ̀ dáadáa, èyí tó ń sọ ohun kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìyẹsẹ̀, tá a wá ń rò pé fèrè ló ń mú wa jó.

Orin Fela wà lára ohun tó ti wọ Sakamoto létí kó tó ṣe “Riot in Lagos”. Ohun tó sì mú níbẹ̀ kì í ṣe ariwo, ètò ìlù náà ló mú. Mo ti rí àwọn òyìnbó tó fẹ́ẹ́ ṣe bíi Fela, tí wọ́n á kun ojú, tí wọ́n á fọn fèrè títí ètè á fi wú, kò sì ní jọ ọ́ rárá. Ará Jàpáànù yìí kàn jókòó ti ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, ó mú egungun orin náà, ó fi ẹran sílẹ̀ fẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ijó ní New York gbọ́ ọ láyé ìgbà yẹn, wọ́n sì rí nǹkan mú níbẹ̀. Àbí ẹ ò rí bó ṣe yípo? Láti Èkó dé Tokyo, ó tún dé Amẹ́ríkà, ìgbà tó wá padà dé ọ̀dọ̀ wa, a ò dá a mọ̀ mọ́, à ń pè é ní ẹ̀rọ ìlọta.

Sakamoto yìí kì í ṣe ọmọ kékeré láàárín wọn o. Òun, Haruomi Hosono àti Yukihiro Takahashi ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Yellow Magic Orchestra sílẹ̀ lọ́dún 1978. Lọ́dún 1980, wọ́n dé orí ètò Soul Train ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ti máa ń jó lórí tẹlifíṣàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn òfófó, ẹ gbọ́ tiyín: orin wọn kan wà nínú àwo ọdún 1979 tó ń jẹ́ “Behind the Mask”. Michael Jackson gbọ́ ọ, ó fẹ́ ẹ, ó fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀ láyé ìgbà tó ń ṣe Thriller. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n á ṣe pín owó ló dá a dúró, orin náà ò sì jáde títí Michael fi kú lọ́dún 2009. Ọdún 2010 ni wọ́n tó gbé e jáde. Ọdún 2009 yẹn náà kẹ̀ ni wọ́n ń pariwo pé ẹ̀gbọ́n Michael, Marlon, pẹ̀lú àwọn olówó kan fẹ́ẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ ńlá àti ibi ìrántí àwọn Jackson sí Àgbádárìgì wa níbí. Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ rí i? Èmi ò rí i.

Takahashi kú ní oṣù kìíní ọdún 2023, Sakamoto tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún náà. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ti Sakamoto, mo gbé orin ẹ̀ sí i láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi kẹ́dùn ládùúgbò, torí wọn ò mọ ẹni tó kú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò gan-an ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn sí mi jù. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ikutaro Kakehashi. Ikọ́ àwúgbẹ ló pa ìyá àti bàbá ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, àìsàn yẹn náà sì fẹ́ẹ́ mú un lọ nígbà tó dàgbà tán. Aago ló kọ́kọ́ ń tún ṣe. Látibi aago, ó bọ́ sídìí rédíò, látibi rédíò ó bọ́ sídìí dùùrù oníná, ìgbà tó sì di ọdún 1972, ó dá ilé iṣẹ́ Roland sílẹ̀ ní Osaka. Lọ́dún 1980, ilé iṣẹ́ yìí gbé ẹ̀rọ ìlù kan jáde tí wọ́n ń pè ní TR-808.

Ẹ bá mi wo ohun tó wà nínú àpótí pẹlẹbẹ yìí. Ìlù ńlá wà níbẹ̀, àtẹ́wọ́ wà níbẹ̀, kọ́ńgà wà níbẹ̀, nǹkan tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Agogo wà níbẹ̀! Agogo gidi o, tó ń dún kọ̀ọ́-kọ̀ọ́. Ẹnì kan jókòó sí Jàpáànù lọ́hùn-ún, ó fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ṣe agogo. Nígbà tí ẹ̀rọ náà jáde, àwọn tó gbọ́n lójú ara wọn ní kò dáa, pé ohùn ẹ̀ ò jọ ti ìlù tòótọ́. Dọ́là 1,195 ni wọ́n ń tà á, ẹ̀rọ ìlù ará Amẹ́ríkà kan tó jáde lọ́dún yẹn sì ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 5,000, òun làwọn olówó rà. Nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjìlá péré ni Roland rí ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ ẹ̀ dúró lọ́dún 1983.

Ẹ mọ ohun tó mú wọn dáwọ́ dúró? Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní transistor. Èyí tó ní àbùkù ni Kakehashi mọ̀ọ́mọ̀ ń rà, èyí táwọn tó ṣe é fẹ́ẹ́ dànù, torí àbùkù yẹn ló ń fún ẹ̀rọ náà ní ohùn tó ń ṣe ṣìì-ṣìì tí kò sí lára òmíràn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe transistor mọṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tiwọn ò ní àbùkù mọ́, bí kò ṣe sí èyí tí wọ́n máa rà mọ́ nìyẹn. Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, inú mi ò sì tíì yé dùn sí i.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe di òkìríkà nìyẹn. Àwọn tó rà á ń tà á ní gbàǹjo, àwọn ọmọ tálákà aláwọ̀ dúdú tí wọn ò lówó ìlù, tí wọn ò lówó ilé ìgbohùnsílẹ̀, ń rà á lọ́wọ́ alóku. Wọ́n fi ṣe “Planet Rock” lọ́dún 1982, Marvin Gaye fi ṣe “Sexual Healing” lọ́dún yẹn kan náà. Àbúrò ẹ̀ kan tún wà, TB-303, tí Roland ṣe lọ́dún 1981 kó lè máa rọ́pò gìtá oníbáàsì fẹ́ni tó ń dá ṣeré. Ìyẹn tiẹ̀ kùtà pátápátá. Àwọn ọmọ Chicago rí i lálòkù, wọ́n ń yí bọ́tìnnì ẹ̀ síwá sẹ́yìn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, wọ́n sì fi ohùn yẹn dá orin ijó tuntun sílẹ̀ lọ́dún 1987. Lónìí, ìlù ńlá inú 808 yẹn ló ń mi fèrèsé ilé yín nígbà tí àwọn ọmọ yín bá ń gbọ́ orin ìwòyí. Ẹ kàn ò mọ orúkọ ẹ̀ ni.

Àwa tá a dàgbà létí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ta ló tún máa ṣàlàyé alóku fún wa? Mọ́tò alóku, aṣọ òkìríkà, fíríìjì tó ti sìn òyìnbó fún ọdún mẹ́wàá kó tó wáá sìn wá. A mọ̀ pé nǹkan tí olówó sọ pé kò wúlò mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ohun tó jẹ́ kí orin yìí yé mi kíá nìyẹn.

Ti àwọn tó ṣe orin ijó ẹ̀rọ ní Jàpáànù láàárín ọdún 1990 sí 2000, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀, torí ẹni tí kò bá tíì gbọ́ wọn, orúkọ lásán ni. Ken Ishii wà níbẹ̀, ọmọ Sapporo, Jelly Tones tiẹ̀ jáde lọ́dún 1995. Susumu Yokota wà níbẹ̀, ó kú lọ́dún 2015. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Soichi Terada. Inú orin tiẹ̀ máa ń dùn ni, bíi ti ẹni tó jẹun yó tó wá ń rìn lọ sétí òkun ní ìrọ̀lẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Shinichiro Yokota ń gbé àwo jáde fúnra wọn lábẹ́ orúkọ Far East Recording, àwọn díẹ̀ ló mọ̀ wọ́n lẹ́yìn Jàpáànù, àfìgbà tí àwọn kan ní Amsterdam kó orin wọn jọ lọ́dún 2015. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta géèmù PlayStation láyé ọjọ́sí, tẹ́ ẹ bá ti ta Ape Escape, orin Terada lẹ gbọ́ yẹn láìmọ̀.

Títí di òní, àwo àti síídì mọ́kànlélógójì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní London ló ń bá mi gbà wọ́n, tó bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, á fi wọ́n sáàárín aṣọ. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó náírà 500 ní báńkì. Ìgbà tí ọdún 2024 fi máa dé ìdajì, ó ti lé ní 1,400. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Látìgbà yẹn, tí mo bá ra ẹyọ kan láàárín oṣù mẹ́rin, ọpẹ́ ni. Ìyàwó mi mọ iye tí mo ń ná sí i, a ti jọ sọ ọ́, kí ìyá oníbúrẹ́dì fọkàn balẹ̀.

Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn ará Jàpáànù máa ń dì mọ́ àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Obi” ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé ẹnì kan ń ta àwo, pé obi ẹ̀ wà níbẹ̀, mo ní ṣé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ẹ́ tọrọ ni? Ọ̀já ni ìtumọ̀ ẹ̀ lédè wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń di kìmónò mọ́ra. Bébà lásán ni o, ṣùgbọ́n àwo tí ọ̀já ẹ̀ bá ti sọnù, owó ẹ̀ á já wálẹ̀. Ohun tí àwa fi ń nu ọwọ́ tá a bá jẹ àkàrà tán, àwọn ń tọ́jú ẹ̀ fún ogójì ọdún. Èyí gan-an ló sì gbé mi débi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ẹ́ sọ.

Nínú gbogbo àwọn tó ń kó àwo jọ láyé, àwo tiwa wà lára èyí tí wọ́n ń wá jù. Wọ́n ń wá a ní London, wọ́n ń wá a ní Paris, wọ́n ń wá a ní Tokyo. Etí òkun wa yìí gan-an ni wọ́n sì ń rìn kiri, láti Kùtọ́nú dé Àjàṣẹ́ dé Èkó. Ní Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí wa rárá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adissa Seidou, tó dá Albarika Store sílẹ̀. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ àwo Orchestre Poly-Rythmo jáde, ẹgbẹ́ tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní Kùtọ́nú lọ́dún 1968. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ gba ohùn tó dáa sílẹ̀, Èkó ni wọ́n ń bọ̀, ní sítúdíò EMI. Sítúdíò EMI ní Àpápá yìí náà ni Paul McCartney wá lọ́dún 1973. Orin tí àwọn Poly-Rythmo ṣe lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, wọ́n kọ ọ́ lédè Fọ̀n, lédè Faransé, lóríṣiríṣi. Gnonnas Pedro náà wà ní Kùtọ́nú, tó ń kọrin Yorùbá tó já geere. Ọjà kan náà là ń ná, orin kan náà là ń jó, bọ́dà ló pín wa.

Ọmọ Tùnísíà kan tó ń gbé ní Jámánì, Samy Ben Redjeb, ló wá ń kó àwọn àwo yìí jọ. Lọ́dún 2008, ilé iṣẹ́ ẹ̀, Analog Africa, gbé African Scream Contest jáde, orin àtijọ́ láti Benin àti Togo. Ó wá àwọn tó kọrin náà kàn, ó jókòó tì wọ́n, ó kọ ìtàn wọn sínú ìwé tó bá àwo rìn. Lọ́dún 2009, Poly-Rythmo lọ ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mélomé rí i kó tó kú lọ́dún 2012. Ẹni tó bá ní olè lẹni tó wá kó àwo wọn jọ, kó kọ́kọ́ lọọ bi àwọn bàbá yẹn léèrè.

Tiwa níbí náà ò kéré. William Onyeabor ní Enugu ń fi dùùrù oníná ṣe orin ijó láàárín ọdún 1977 sí 1985, òun ló ń ṣe é, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ń tà á. Lẹ́yìn ìgbà náà ló di àtúnbí, kò sì fẹ́ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ orin mọ́. Lọ́dún 2013, Luaka Bop, ilé iṣẹ́ tí David Byrne dá sílẹ̀ ní New York, kó orin ẹ̀ jáde, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta lọkùnrin yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa: David Byrne yìí kan náà ló bá Sakamoto gba àmì ẹ̀yẹ Oscar pọ̀ lọ́dún 1988, lórí orin fíìmù The Last Emperor. Ayé yìí ò tóbi. Lọ́dún 2016, àwọn Soundway ní England kó orin dísíkò Èkó ti ọdún 1980 síwájú jọ, wọ́n pè é ní Doing It in Lagos. “Only You” tí Steve Monite kọ lọ́dún 1984 wà níbẹ̀, nígbà tó di ọdún 2018, Theophilus London àti Tame Impala ti tún un kọ. Àwo “Only You” ti àtètèkọ́ṣe yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni wọ́n ń dá lé e lórí lọ́jà àwọn tó ń kó àwo jọ.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Láti ilé wa ni. Bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ṣòwò láàárín Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì títí agbára ẹ̀ fi tán, àwo ló sì ń fi èrè ẹ̀ rà. Ajara ló ń gbé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọjọ́ Sunday nìkan ló máa ń ṣí àpótí ẹ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́, á fi etí aṣọ nu àwo náà lẹ́ẹ̀kan, á gbé abẹ́rẹ́ lé e bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun sílẹ̀. Haruna Ishola wà níbẹ̀, Ayinla Omowura wà níbẹ̀, Sunny Ade, Poly-Rythmo, Gnonnas Pedro. Ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìlú àti ọdún tó rà á sí, pẹ̀lú bírò búlúù. Lọ́dún 2019 ló kú. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ẹbí ti ń palẹ̀ yàrá mọ́. Ọkùnrin kan ti òdì kejì bọ́dà wá, ó ní òun ń bá òyìnbó kan ra àwo, wọ́n kó páálí mẹ́ta fún un. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n gbà. Wọ́n fi kún owó omi ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n máa fún àwọn tó wá sìnkú. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n kọ orúkọ àwọn àwo náà sílẹ̀? Àbúrò bàbá mi wò mí, ó ní, “Èwo ni kí n máa kọ? Ṣé ilẹ̀ ni?”

Mi ò bínú sí ẹni tó rà á. Òwò ló ń ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí àwo yẹn wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn ju bó ṣe máa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀yìn páálí yẹn nìkan ni ìwé ìrìn-àjò bàbá náà. Ọdún tó wà ní Àjàṣẹ́, ọdún tó dé Kùtọ́nú, ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Ẹni tó wà ní Paris tó ń gbọ́ ọ á rò pé ẹnì kan ló fi bírò ba páálí jẹ́.

Àwọn kan ṣì ń gbìyànjú nílé. Olóyè Femi Esho àti Evergreen ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó orin àwọn àgbà jọ, wọ́n sì tún ń gbé wọn jáde. Jazzhole ní Ìkòyí ń ta àwo, ẹ lè lọọ wò ó lófẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ máa rà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo wọ̀nyí nígbà náà ti yí orúkọ padà, EMI di Ivory, PolyGram di Premier, ẹ̀dà tó wà nílé àwọn bàbá wa ló sì máa ń kù nígbà míì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní i nílé, pàápàá létí òkun níbí, ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yìí ò dáa fún un. Abẹ́rẹ́ ń dípẹtà, páálí ń hu funfun. Ẹ má tò ó léra wọn bí awo ìjẹun, ìdúró ni kẹ́ ẹ tò ó, bí ìwé. Ẹ má gbé e sójú oòrùn, yóò ká bí ewé. Tó bá dọ̀tí, omi díẹ̀ àti ọṣẹ díẹ̀, kí omi má kan bébà àárín ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tó tà á, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn páálí.

Ní tèmi, nǹkan mẹ́ta ni mò ń wá. Èkínní ni B-2 Unit ti ọdún 1980 tí àwọn Alfa tẹ̀ ní Jàpáànù, tọ̀já tọ̀já. Èkejì ni àwo kékeré Albarika Store, èyíkéyìí, bó tiẹ̀ ti ha. Mo ṣe tán láti fi síídì Ken Ishii mi méjì pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ̀kẹta, tẹ́ ẹ bá rí àwo Gnonnas Pedro tí wọ́n fi bírò búlúù kọ “Àjàṣẹ́, 1978” sí lẹ́yìn, pẹ̀lú ìlà méjì lábẹ́ ẹ̀, ẹ bá mi mú un wá sí ọ́fíìsì wa. Ẹ má jẹ́ kí kọndọ́ gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀sì o. Orí itan ni kẹ́ ẹ gbé e lé.